Ààrò Kẹrin Ilé Oníbodè

Ọdún tí odi Òkè-Apó ya ni ìlú náà tó mọ̀ pé ìlú lè máa kú lọ kí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì máa jẹun. Òjò ọdún náà pọ̀. Ó bẹ́ ara odi ní ìhà àríwá, níbi tí ọ̀nà ọ̀dàn gbà wọlé, ó sì wó amọ̀ odi sínú yàrà títí yàrà fi di kòtò tí ewúrẹ́ lè rìn kọjá. Ògiri lanu, aláǹgbá ráyè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aláǹgbá ni Òkè-Apó ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn àpáta ńlá tó dojú kọ ìlú, àwọn ẹlẹ́ṣin ọ̀dàn ń jó ìletò, wọ́n ń so ènìyàn pọ̀ bí ìdì igi, wọ́n sì ń tà wọ́n síbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í padà. Àwọn ìlú tí Òkè-Apó ń bá ná ọjà ti di ahoro. Ẹni tó bá gun orí àpáta ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí koríko tó hù bo ojúde wọn. Síbẹ̀ odi ya, kò sì sí ẹni tó bu amọ̀ dí i.

Kí ìdí rẹ̀ tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń san ohun ìlú níbẹ̀. Àwọn tó tẹ Òkè-Apó dó kò ka orí. Wọ́n ní orí a máa rìn, orí a máa sá wọ oko, ṣùgbọ́n ilé kì í sá. Ààrò ni wọ́n ń kà. Ibi tí a bá ti fi òkúta mẹ́ta gbé ìkòkò kaná fún ọkọ, aya àti ọmọ, ààrò kan nìyẹn. Bí ọyẹ́ bá dé, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Ẹléèéfín yóò gun orí àpáta ní ìdájí, yóò sì máa ka èéfín bó ṣe ń yọ láti àgbàlá dé àgbàlá. Bí èéfín ilé bá ṣe pọ̀ tó ni ẹrù tí onílé yóò gbé wá sí ojúde ààfin ṣe pọ̀ tó: iṣu, àgbàdo, epo, àti ọjọ́ iṣẹ́. Iṣu àti àgbàdo yẹn ni àwọn oníbodè ń jẹ, kí wọ́n má baà fi ẹnu odi sílẹ̀ lọ sóko. Epo yẹn ni fìtílà ẹnu odi ń mu. Ọjọ́ iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń kó ẹrẹ̀ kúrò lójú odò, tí wọ́n fi ń ro ọ̀nà ọjà, tí wọ́n fi ń sin àlejò tó bá kú láìní ẹbí, tí wọ́n sì fi ń po amọ̀ lé odi bí òjò bá ti dá. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, inú àká ìlú ló ń lọ, fún ọjọ́ ibi. Owó ààrò ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ẹyọ kì í pọ̀ nínú rẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ pa iná? Títí dòní ni ilé kọ̀ọ̀kan ń na ìka sí ilé kejì. Ohun tó dájú ni pé àwọn kan rò ó lọ́dún kan pé, bí Ẹléèéfín yóò bá kà lọ́la, kò burú bí àwọn bá jẹ ẹ̀kọ tútù lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tó di ọdún kejì, odindi àdúgbò kan ló jẹ ẹ̀kọ tútù. Ẹléèéfín gbọ́n, kò sọ ọjọ́ mọ́. Àwọn náà gbọ́n jù ú lọ, wọ́n hú òkúta ààrò wọn nílẹ̀, wọ́n wá ń jùmọ̀ dáná: ìyàwó mẹ́fà, ààrò kan. Wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Bí obìnrin kan bá kí èkejì pé, "Ẹ kú iná o," èkejì á dáhùn pé, "Iná wo? Iná ilé wa ti kú, ẹ bá wa wá pósí," wọn á sì jọ bú sẹ́rìn-ín. Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí.

Nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà ni Ibíwùmí wà, aya Ọdẹ́wálé, oníbodè àríwá. Lónìí, bí wọ́n bá ń kì í, wọ́n a ní:

Ibíwùmí Àjíún, a-fèéfín-lé-ẹṣin,
Obìnrin tó bọ́ sí yàrà tí akọ ń wò lẹ́yìn,
Ò-fojú-ra-ìlú, aya Oníbodè.

Ṣùgbọ́n nígbà náà kò sí ẹni tó ń kì í. Obìnrin gíga ni, tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń ta nígbà gbogbo nítorí ata gbígbẹ tó ń tà. Ó bí ọmọbìnrin kan, Àyọ̀ká, ó sì bí ọkùnrin mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ọkọ rẹ̀ ń jẹ nínú owó ààrò, òun sì ti hú ààrò tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Ọdẹ́wálé.

"Àjíún," ó ní, "èmi tí mò ń jẹ ẹrù ìlú, ṣé ilé tèmi ni kò ní yọ èéfín?"

"Baba Àyọ̀ká, ẹrù wo lẹ̀ ń jẹ? Iṣu tí wọ́n gbé wá lóṣù tó kọjá, adìyẹ wo ló lè yó níbẹ̀? Ẹ wo Aróyèwún. Agboolé rẹ̀ fẹ̀ bí ọjà, àwọn ìyàwó ń fẹsẹ̀ kọ ara wọn nínú rẹ̀, èéfín kan ṣoṣo ló sì ń yọ níbẹ̀. Ṣé tèmi ẹyọ kan ni yóò wá tún odi ṣe?"

Ohun tí aya rẹ̀ sọ nípa iṣu kì í ṣe irọ́: èéfín ti dínkù, iṣu náà sì dínkù. Kò pẹ́ tí àwọn oníbodè fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọjọ́ láàárín ara wọn, kí àwọn kan lọ sóko nígbà tí àwọn kan bá ń ṣọ́nà. Ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn pín ọjọ́ dáadáa. Ọjọ́ ń bọ̀ tí gbogbo wọn yóò wà lóko.

Ọjọ́ náà dé nígbà tí omi yàrà gbẹ. Ọdẹ́wálé ń wa iṣu lọ́wọ́. Àyọ̀ká gbé ìkòkò lérí, ó ń lọ sí agboolé Aróyèwún tó wà nítòsí odi àríwá, nítorí ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń bá wọn dáná. Àwọn ẹlẹ́ṣin gba ibi tí odi ti ya wọlé. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí wọn kò bá ẹnikẹ́ni lẹ́nu odi. Kí ariwo tó dé ààfin, wọ́n ti di àwọn tí wọ́n rí mú, wọ́n sì ti lọ. Ibíwùmí sáré débẹ̀. Ìkòkò tí Àyọ̀ká rù ló bá, ó dojú dé lójú ọ̀nà, kò tilẹ̀ fọ́.

Ìṣe àwọn ẹlẹ́ṣin ni pé wọ́n a dúró díẹ̀ lẹ́yìn àpáta, bóyá ìlú yóò mú nǹkan wá ra àwọn ènìyàn rẹ̀ padà. Alápó, ọba Òkè-Apó, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti rí ogun rí, ní kí wọ́n ṣí àká ìlú. Wọ́n ṣí i. Ibi tó ṣófo ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àṣà ìlú ni pé ààrò kọ̀ọ̀kan tó bá ń san ló ní ìràpadà ènìyàn kan nínú àká náà. Ohun tó wà níbẹ̀ kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aróyèwún bọ́ síwájú, ọmọkùnrin méjì ni wọ́n kó nílé rẹ̀. "Kábíyèsí, Àlàó àti Àjàgbé ni. Àwọn méjèèjì ni."

"Èéfín kan, Aróyèwún."

"Kábíyèsí! Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ilé mi ju èéfín kan lọ!"

"Èmi náà mọ̀," Alápó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ìwọ lo ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọkùnrin tí àwọn ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ fún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dárúkọ ẹyọ kan. Àlàó ló pè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ibíwùmí kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, tèmi ńkọ́? Àyọ̀ká, ọmọ oníbodè yín."

Ẹléèéfín kò gbójú sókè. Alápó ló dá a lóhùn. "Ààrò wo ni kí n pè é mọ́, ọmọ mi? Ọdún mẹ́ta rèé tí ilé rẹ kò ti sí ní Òkè-Apó. Ẹni tí a kò kà, kí ni a ó fi wá a?"

Ọdẹ́wálé tẹ̀ lé àwọn tó ru ìràpadà lọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lẹ́yìn wọn. Ó kọ́kọ́ ta ọ̀kọ̀ rẹ̀, ó ta ìlẹ̀kẹ̀ aya rẹ̀, kò tó. Wọ́n ti kó àwọn tí kò ní olùràpadà lọ kó tó débẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Aya rẹ̀ gbé omi fún un, kò mu ún.

"Mo bi ẹnìkan tó ń fọ ẹṣin wọn," ó ní, "mo ní, èéṣe tí ẹ fi yan tiwa? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn náà máa ń ka èéfín láti orí àpáta. Ó ní bí èéfín ìlú bá nípọn, wọ́n a yà kúrò níbẹ̀. Ó ní tiwa, ṣe ni àwọn rò pé àrùn ti pa wá tán, pé àwọn wá ṣa èyí tó kù ni." Ó da omi náà sílẹ̀. "Ẹ̀tàn tí a fi tan Ẹléèéfín, Àjíún, àwọn ló gbà á gbọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ibíwùmí gbẹ́ ilẹ̀ àgbàlá rẹ̀, ó ri òkúta mẹ́ta mọ́lẹ̀, ó dáná. Ó tún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ri òkúta mẹ́ta mìíràn, ó sì dá ìyẹn náà. Ìkòkò tó dojú dé lójú ọ̀nà ló gbé ka èyí kejì. Omi lásán ló rọ sí i. Nígbà tí ìlú pé jọ láti sọ ohun tí wọ́n máa ṣe, ó dìde láàárín àwọn obìnrin, èérú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ará ilé, n kò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí mo bá fẹ́ dá ènìyàn lẹ́bi, ẹnu ọ̀nà mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní èéfín tèmi kò lè tún odi ṣe. Kálukú yín ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Gbogbo èéfín tí kò lè tún odi ṣe yẹn, òun ni odi."

Ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Kí a san án fún ta ni? Fún àwọn tó ń sanra láàfin?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, Alápó kò sì bínú. Ibíwùmí yíjú sí ẹni náà. "O káre láé. Ìdí tí a fi pa iná nìyẹn: à ń gbé ẹrù wọlé, a kì í rí ibi tó gbà jáde. Ẹ jẹ́ kó yí padà. Kí a pín odi fún ààrò. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mọ abala tirẹ̀, kí ó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ lè fọwọ́ kàn án. Iṣu oníbodè, ojúde ni kí a ti kó o fún un, lójú ọmọdé àti àgbà. Ẹni tí agboolé rẹ̀ bá fẹ̀, kí abala tirẹ̀ gùn, torí ohun tí odi ń bò fún un pọ̀. Ẹni tó bá ń dá gbé, níbi tí àwọn mìíràn ti mú agbọ̀n mẹ́rin wá, kí ó mú mẹ́ta. Afọ́jú, arọ, opó tó ń tọ́ ọmọ ọwọ́, kí wọ́n má mú nǹkan kan wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dáná! Kí èéfín wọn yọ, kí a kà wọ́n mọ́ wa. A ti rí ohun tó ń ṣe ẹni tí a kò kà."

Alápó dìde, ó ní kí ó rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn náà ni wọ́n fi po amọ̀, abala kan tẹ̀ lé òmíràn, odi sì ń dìde láti ìlà-oòrùn bọ̀ wá sí àríwá. Ibì kan ṣoṣo ló kù. Aróyèwún kò jáde. Ó ní òun kò ní gbé amọ̀ fún ìlú tó ní kí òun yan ọmọ. Agboolé rẹ̀ kò yọ èéfín kankan mọ́, wọ́n ń ra oúnjẹ jíjinná jẹ. Abala tirẹ̀, tó gùn jù lọ, ṣì là sílẹ̀. Ìlú bẹ̀ ẹ́, ìlú halẹ̀ mọ́ ọn, ó kọ̀ jálẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, Ọdẹ́wálé rí eruku lẹ́yìn àpáta, ó sì fọn fèrè odi. Ibíwùmí ń lọ láti ilé dé ilé ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó ń wí pé kí wọ́n dá gbogbo iná, kí wọ́n fi ewé tútù sí i. Èéfín ń gun òkè níbi gbogbo, àfi ní àríwá. Ibẹ̀ dúdú, ó sì là, bí ẹnu tí eyín ti ká. Ó wọ agboolé Aróyèwún.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Baba. Ìyàwó Oníbodè."

"Bó o bá wá ka èéfín, kò sí níbí."

"N kò wá kà á. Mo wá fọnná ni."

"Fọnná kẹ̀? Gbogbo ìlú ló ń jó, ilé tí kò níná lo wá fọnná sí?"

"Níbí ni mo ti ń dáná kí wọ́n tó gbé ọmọ mi. Ibí ló ń bọ̀ nígbà tí wọ́n gbé e."

Ọkùnrin náà dáhùn bí ẹni pé ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. "Àlàó wà nílé, kò lè wo ojú mi. Èyí tí n kò yàn, orúkọ rẹ̀ kò gba ẹnu mi mọ́."

"Àjàgbé ni," Ibíwùmí wí. "Baba, ẹ má dáná fún ìlú. Ẹ dáná fún Àjàgbé. Àwọn tó gbé e wà lórí àpáta, wọ́n ń kà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á."

Aróyèwún bú sẹ́kún. Òun fúnra rẹ̀, tí kò gbé igi ìdáná rí láyé rẹ̀, ló hú òkúta mẹ́ta níbi tí wọ́n sin wọ́n sí, ló ṣáná sí igi, ló sì fẹ́ ẹ. Bí ìyàwó àkọ́kọ́ ti rí èéfín yẹn ló sáré ri ààrò tirẹ̀, ni èkejì, ni gbogbo agboolé. Èéfín ilé Aróyèwún dìde bí igbó, ó dà pọ̀ mọ́ ti ìlú yòókù, ojú ọ̀run Òkè-Apó sì dúdú. Àwọn tó ń wò láti orí àpáta rí ìlú tí kò sí níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n fa ìjánu, púpọ̀ nínú wọn sì yí ẹṣin padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kan ti sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n sì ti wà nínú yàrà, lábẹ́ abala Aróyèwún. Ibíwùmí ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó kó ẹ̀yinná láti ààrò Àjàgbé sínú àpáàdì, ó sáré fa àpò ata gbígbẹ tó kù nílé rẹ̀ wá. Ọyẹ́ ń fẹ́ láti àríwá. Bó bá sun ata náà nínú odi, àwọn ará ìlú ni yóò pa. Ìhà òdìkejì ló gbọ́dọ̀ ti sun ún, lẹ́yìn àwọn ọ̀tá, kí afẹ́fẹ́ lè gbé e sí wọn lójú. Ó gba ojú odi tó là kọjá sí ìta, ó gba ẹ̀gbẹ́ yàrà yí wọn ká, àwọn ọkùnrin ń pè é padà, kò dáhùn. Ó da ata sórí ẹ̀yinná, ó fi ìró rẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, ojú rẹ̀ ló ń bọ̀. Kò kúrò níbẹ̀. Inú yàrà di ikọ́ àti ìró ìṣubú. Aróyèwún àti Àlàó ọmọ rẹ̀ dúró ní ojú odi pẹ̀lú àdá, ẹni tó bá sì gòkè láìríran, kò gòkè lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí Ọdẹ́wálé dé ọ̀dọ̀ aya rẹ̀, ó ṣì ń fẹ́ àpáàdì tó ti kú.

"Wọ́n ti lọ, Àjíún."

"Ṣé ilẹ̀ ti mọ́?"

Oòrùn ti wà lókè. Ọdẹ́wálé dì í lọ́wọ́ mú lọ sílé, ilẹ̀ kò sì mọ́ fún Ibíwùmí mọ́ títí ó fi kú.

Ọdún náà ni Aróyèwún mọ abala tirẹ̀, ó sì ga ju ti gbogbo ìlú. Nígbà tí wọ́n tún ka èéfín, Ẹléèéfín dúró lẹ́nu ọ̀nà Ibíwùmí, ó ní, "Ìyá, afọ́jú kì í san. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin rẹ̀."

"Ojú ló fọ́," ó dáhùn. "Ààrò kò fọ́. Kà á pé."

Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta fẹ́ ìyàwó, nígbà tí ìyá wọn sì kú, ààrò wọn mẹ́ta ló kù nílé. Wọ́n san ti mẹ́rin, ti Àyọ̀ká wà nínú rẹ̀. Odi Òkè-Apó ti wó báyìí, kìkì abala Aróyèwún ló ku òkìtì díẹ̀ níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń gba owó ilé, tí a ń retí ọ̀dà ojú ọ̀nà àti omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí agbowó-orí bá dé ilé Oníbodè, tó sì bi wọ́n pé ojúlé mélòó, mẹ́rin ni wọ́n ń sọ. Bó bá ní mẹ́ta lòun rí, wọ́n á tún un sọ pé mẹ́rin ni, wọ́n á sì san án. Bí ọyẹ́ bá sì dé, obìnrin tó dàgbà jù nílé á dá ààrò kẹrin ní ìdájí, á gbé ìkòkò kà á, á rọ omi sí i. Omi náà á hó títí yóò fi gbẹ. Kò sí ẹni tó ń jókòó tì í.